Ẹ̀rọ tó ń rí inú kọ̀ńténà ní Àpápá: ibo ló ti ń rí agbára tó fi ń ṣiṣẹ́?

ÀjàníÀpápá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ kíkó ẹrù jáde ní èbúté ni mo ń ṣe, ó sì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Tí wọ́n bá ní kí kọ̀ńténà lọ gba skánà, awakọ̀ á wa tírélà dé ojú ìlà, á sọ̀ kalẹ̀, á lọ dúró lẹ́yìn ògiri kọnkéré. Agogo á dún, iná pupa á máa ṣẹ́jú, ẹ̀rọ náà á wá rọra gba ẹ̀gbẹ́ tírélà kọjá láti orí dé ìdí. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa wo inú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà: páálí, táyà, ẹ́ńjìnnì, títí kan àlàfo tó wà láàárín wọn.

Mo bi ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé irú iná wo ni nǹkan yìí ń jẹ. Ó ní agbára tó ń bú jáde nínú rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì méjì àtààbọ̀. Mo wo ẹ̀yìn, jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé e kò ju ti ilé epo àdúgbò wa lọ. Mẹ́gáwáàtì méjì àtààbọ̀! Iná odindi àdúgbò ni. Ṣé ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà mí ni, àbí nǹkan wà níbẹ̀ tí ojú mi ò tó? Kí ló tún dé tí X-ray ilé ìwòsàn ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn?

EnjiníàYábàá

Ẹ̀gbọ́n Àjàní, òótọ́ ló sọ fún yín. Mẹ́gáwáàtì náà wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tí ẹ rí yẹn náà sì gbé e. Àsìkò ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí X-ray ti ń wá. Nínú èyí tó wà nílé ìwòsàn, wáyà gbígbóná kan á tú ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù sílẹ̀, iná tó wà láàárín 40,000 sí 150,000 fóltì á fà wọ́n lọ forí sọ àwo tungsten. Nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára wọn ló ń di X-ray. Ìyókù, ooru ni. Ìdí nìyẹn tí àwo náà fi máa ń yí bírí, kí ooru má bàa yọ́ ojú kan ṣoṣo.

Bí fóltì bá ṣe pọ̀ tó ni X-ray ṣe ń wọnú nǹkan tó. 100,000 fóltì tó fún àyà ènìyàn. Ẹ̀rọ tó ń wo báàgì ní pápákọ̀ òfurufú ń lò tó 160,000. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ rí ẹ̀yìn irin tó nípọn tó 300 mílímítà, mílíọ̀nù 6 fóltì lẹ ń wá yẹn. Kò sẹ́ni tó máa so iye fóltì bẹ́ẹ̀ mọ́ wáyà méjì nínú àpótí tí tírélà lè gbé, iná á ti fò láti ibì kan sí ibòmíràn kó tó dé ìdajì rẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá nìyí. Wọ́n ṣe ọ̀pá bàbà kan, wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá kéékèèké tó tò tẹ̀ léra, ihò tín-ín-rín kan sì la àárín gbogbo wọn já. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán pátápátá. Ìgbì rédíò alágbára á wá kún inú àwọn yàrá náà. Ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù tó bá wọlé lásìkò tí ìgbì ń tì síwájú á gba ìtì kan ní yàrá àkọ́kọ́, á gba òmíràn ní ìkejì, títí dé òpin. Àpapọ̀ ìtì náà á di mílíọ̀nù 6 fóltì, bẹ́ẹ̀ kò sí ibì kan nínú ọ̀pá náà tí fóltì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti wà. Linac ni wọ́n ń pè é. Rolf Widerøe ló ṣe àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́, ní Aachen lórílẹ̀-èdè Jámánì, ní 1928. Ọ̀pá tó ń fúnni ní 6 MeV (agbára tí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kan ń rí gbà lára mílíọ̀nù 6 fóltì) lè má ju nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù tó bá sì fi máa jáde níbẹ̀, eré rẹ̀ ti tó ìdá 99.7 nínú ọgọ́rùn-ún eré ìmọ́lẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ mẹ́gáwáàtì. Magnetron ló ń ṣe ìgbì rédíò náà, ẹbí èyí tó wà nínú máíkrówéèfù tí a fi ń gbé oúnjẹ kaná. Ti inú skánà lè bú jáde dé mẹ́gáwáàtì 2.5, àmọ́ máíkrósẹ́kọ́ńdì 4 péré ló fi ń bú, ìyẹn ìdá mẹ́rin nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ṣe tàn ló kú. Wáàtì mílíọ̀nù 2.5 tó tàn fún máíkrósẹ́kọ́ńdì 4, júùlù 10 péré ni (júùlù la fi ń wọn agbára). Ká ní ó ń tàn bẹ́ẹ̀ nígbà 250 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáàtì 2,500 ni gbogbo rẹ̀ pátá. Áyánù ìlọṣọ méjì ń jẹ tó bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, magnetron kì í sọ gbogbo iná tó gbà di ìgbì, ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù náà ń jẹ tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ń jẹ tirẹ̀, nítorí náà iye tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé ju ìyẹn lọ. Àmọ́ kò sún mọ́ mẹ́gáwáàtì rárá. Kápásítọ̀ ló ń rọra kó iná jọ ní gbogbo àkókò tí magnetron fi kú, á sì tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn la ń pè ní modulator, ẹ jẹ́ ká rántí orúkọ yẹn torí mo ṣì ń padà bọ̀ wá sọ̀rọ̀ lé e lórí.

ỌmọAkọkà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Físíìsì ni mò ń kà ní UNILAG, ọ̀gá wa fi linac hàn wá lórí pátákó ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣírò júùlù 10 yẹn fún wa. Ó wá yé mi.

ÌyáÌbejìSúrùlérè

Enjiníà, ẹ kú àlàyé. Radiographer ni mí, èmi ni mò ń ya X-ray nílé ìwòsàn, jẹ́ kí n fi ti ibùsùn aláìsàn kún un, torí pulse, ìyẹn títàn fìrí tí ẹ ń sọ yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ iná lò nìkan. Òun ló ń jẹ́ kí àwòrán mọ́.

Ẹ wo ọmọ ọdún méjì tó ń wúkọ́. Mi ò lè sọ fún un pé kó fa èémí kó dì í mú. Ìyá rẹ̀ á wọ aṣọ olójé, á di apá ọmọ náà méjèèjì mú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ọmọ á sì máa ké. Èmi á dúró lẹ́yìn gíláàsì, mi ò ní wo ojú ọmọ, ikùn rẹ̀ ni màá tẹjú mọ́. Bí ọmọ bá ké tán, ó di dandan kó fa èémí ńlá wọlé, ibẹ̀ yẹn ni ìka mi ń dúró dè. Ká ní ẹ̀rọ mi máa gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ọkàn ọmọ náà á ti mì láàárín rẹ̀, etí ọkàn á ṣe bàìbàì lórí àwòrán, ìdí ẹ̀dọ̀fóró níbi tó ti pàdé ikùn á di èéfín. Tí mo bá lè ṣe é ní ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún, gbogbo etí á mú, dókítà á rí òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní sí pé ẹ padà wá lọ́la. X-ray tí a ò tún yà lẹ́ẹ̀kejì, ìtànṣán tí ọmọ ò gbà ni.

Nígbà tí Röntgen, ẹni tó ṣàwárí X-ray, ya ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 1895, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ní ìyàwó náà fi gbé ọwọ́ sójú kan. Ẹ wo ibi tí a ti ń bọ̀.

Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ láti máa dín àsìkò kù ni pé iye X-ray tí àwòrán nílò ò dín kù. Tí àsìkò bá kúrú, ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ ya lu àwo náà lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwo náà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nítorí náà, ẹni tó bá lè ṣe pulse tó kúrú tó sì nípọn, iṣẹ́ àwa àti aláìsàn ló ń bá wa ṣe.

EnjiníàYábàá

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí tírélà ẹ̀gbọ́n Àjàní. Ká ní ẹ̀rọ náà ń rin ìdajì mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì ń tàn nígbà 250: mílímítà méjì ló wà láàárín ìtàn kan sí èkejì, láàárín máíkrósẹ́kọ́ńdì 4 tó fi ń tàn, ẹ̀rọ náà ò rìn ju ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà lọ. Ojú ẹ̀rọ rí i bí ẹni pé ó dúró. Àwòrán kọ̀ńténà tí ẹ ń rí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò pọ̀, pulse kan fún ìlà kan.

ỌmọAkọkà

Ẹ̀gbọ́n, báwo ló ṣe lè kúrú tó? Tí nǹkan bá ń sáré bí ọta ìbọn ńkọ́?

EnjiníàYábàá

Àbúrò, ìyẹn ti wà tipẹ́. Ní 1924, Erwin Marx ní Jámánì ṣe àgbékalẹ̀ kan tí kápásítọ̀ púpọ̀ á gba iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lẹ́yìn náà tí iná bá fò ní àlàfo tó wà láàárín wọn, gbogbo wọn á tò lórí ara wọn lójijì. Fóltì ọ̀kọ̀ọ̀kan á ròpọ̀. Tí ẹ bá so irú rẹ̀ mọ́ ọpọ́n X-ray tó ní etí irin ṣóńṣó dípò wáyà gbígbóná, ẹ ó rí pulse tí kò ju nǹkan bí nánósẹ́kọ́ńdì 50 lọ, ìyẹn ìdá àádọ́ta nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta ìbọn tó ń sá 900 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá, mílímítà 0.045 ló máa rìn láàárín ìyẹn. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí ọlọ́pàá tó ń tú bọ́ǹbù ká ń gbé lọ́wọ́, irú pulse kúkúrú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Bátìrì ló ń gbé wọn, bíi ti ẹ̀rọ tí káfíńtà fi ń lu ihò. Ọlọ́pàá á gbé e síwájú báàgì, á gbé àwo ìwòran sẹ́yìn, á lọ jìnnà, á tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó tóbi jù tí mo mọ̀ lẹ́ka yẹn wà ní Los Alamos, Amẹ́ríkà, DARHT lorúkọ rẹ̀. Accelerator méjì (ẹ̀rọ tó ń mú ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù sáré, bíi linac) tó dojú kọ ara wọn ní igun ni, láàárín 16 sí 20 MeV lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ń ya irin tí àdó olóró ń fọ́ lọ́wọ́, kó tó fọ́ tán. Ìyẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé káàkiri o, ilé ńlá ni.

ÌyálọjàÌdúmọ̀tà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹja panla àti aṣọ ni mò ń kó wọlé, ìbéèrè tèmi kò gùn. Panla tó gba inú ẹ̀rọ mílíọ̀nù 6 fóltì kọjá, ṣé a lè jẹ ẹ́? Àwọn kan ń sọ lọ́jà pé ó ń kó ìtànṣán sínú oúnjẹ, pé òun ló ń fa jẹjẹrẹ. Mo ní oníbàárà tó tìtorí ẹ̀ kọ ọjà.

ÌyáÌbejìSúrùlérè

Ẹ kú ọjà, Ìyálọ́jà. Ẹ jẹ ẹ́ mà, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà yín pé kó fọkàn balẹ̀.

Kò sí X-ray kankan tó ń dúró sínú ẹja. Ó gba ibẹ̀ kọjá, èyí tó kù sínú ẹja á di ooru díẹ̀ tí ọwọ́ ò lè mọ̀ lára, ó parí. Ohun tó lè sọ nǹkan di ohun tó ń yọ ìtànṣán ni pé kí X-ray lágbára débi tí á fi gé nǹkan kúrò ní ọkàn átọ̀mù, agbára 6 MeV kò sì tó ìyẹn fún ẹran ara ẹja, ìrẹsì tàbí aṣọ. Ní Yúróòpù, òfin wọn ti 1999 gbà pé kí wọ́n fi X-ray tí kò kọjá 10 MeV ṣàyẹ̀wò oúnjẹ, bí ìtànṣán tó gbà kò bá ti ju ìdajì Gray lọ (Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tí nǹkan gbà), wọn ò tilẹ̀ ka irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sí oúnjẹ tí wọ́n fi ìtànṣán ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ènìyàn ló yẹ kó ṣọ́ra. Ẹ̀gbọ́n Àjàní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sùn sẹ́yìn ìjókòó nígbà tí tírélà bá ń gba skánà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀.

ÀjàníÀpápá

Mo gbọ́, mà. Màá sọ ọ́ ní ẹgbẹ́ wa.

BàbáOjúÌjóẸ̀bútéMẹ́ta

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Iṣẹ́ tèmi ni kí n yẹ ojú ibi tí wọ́n jó irin pọ̀ wò, páìpù epo, táǹkì, nǹkan báyẹn. Enjiníà, ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ tako yín díẹ̀.

Iridium-192 là ń lò, irin kan tó ń yọ ìtànṣán fúnra rẹ̀. Ẹyọ kékeré kan ni, inú àpótí olójé ló ń gbé. Tí ilẹ̀ bá ṣú tí àwọn òṣìṣẹ́ bá lọ tán, a ó fi okùn pààlà, n ó dúró lókèèrè, n ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ẹyọ náà á gba ọpọ́n rọra lọ sẹ́nu páìpù. Lẹ́yìn rẹ̀ n ó fà á padà, n ó fi mítà wọn àpótí náà kí n tó sún mọ́ ọn. Kò bi mí léèrè iná, kò bi mí léèrè omi tútù. Mo lè gbé e gun táǹkì tó ga bí ilé alájà mẹ́rin. Linac tí ẹ ń sọ yẹn, ta ni yóò gbé e gòkè? Ẹ̀rọ bátìrì tí ọlọ́pàá ń gbé ńkọ́, ó dára fún báàgì, irin tó nípọn ò ní jẹ́ kó kọjá.

EnjiníàYábàá

Bàbá, mo gba gbogbo rẹ̀ lẹ́nu yín. Lórí àkàbà, iridium ṣì ni ọ̀gá. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù nípa rẹ̀: kò ní bọ́tìnì tí a fi ń pa á. Yálà ẹ ń ṣiṣẹ́ àbí ẹ ń sùn, ó ń tú ìtànṣán jáde, ó sì máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 74 kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì. Accelerator, tí iná bá ti lọ, kò yàtọ̀ sí ìdì bàbà àti wáyà.

Ẹ rántí Goiânia ní Brazil, 1987. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó ní caesium-137, tí òun náà ń yọ ìtànṣán, sílẹ̀ nínú ilé ìwòsàn tí wọ́n ti kó kúrò, àwọn tó ń ṣa irin wọlé gbé e, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n rí lẹ́búlẹ́bú tó ń tàn ní àwọ̀ búlúù, wọ́n pín in fún ẹbí àti ará àdúgbò. Ènìyàn mẹ́rin kú. Níhìn-ín, ní ìparí 2002, wọ́n jí ohun tó ń yọ ìtànṣán tí wọ́n fi ń yẹ kànga epo wò gbé ní agbègbè Niger Delta, Jámánì ni wọ́n ti padà rí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e, láàárín irin àlòkù. Ẹ̀yin tó ń gbé Èbúté Mẹ́ta mọ iye àwọn oníkóńdẹ̀ǹ tó ń ti ọmọlanke kiri ní Èkó. Ta ni nínú wọn ló máa dá àmì ìtànṣán mọ̀ lára àpótí tí wọ́n bá rí lórí ààtàn?

BàbáOjúÌjóẸ̀bútéMẹ́ta

Ọ̀rọ̀ oníkóńdẹ̀ǹ yẹn wọ̀ mí lára. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ orúkọ àti àsìkò sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí àpótí bá jáde tó bá sì wọlé, tí NNRA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìtànṣán, náà ò sì gba gbẹ̀rẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí accelerator kan tó ṣeé gbé lọ síbi iṣẹ́?

EnjiníàYábàá

Ó wà, Bàbá. Bí ìgbì rédíò bá ṣe kúrú tó ni yàrá inú ọ̀pá bàbà náà ṣe ń kéré tó. Èyí tó wọ́pọ̀ ń lo ìgbì tó gùn tó nǹkan bí 10 sẹ̀ǹtímítà. Tí wọ́n bá lo ìgbì X-band, tí kò ju 3.2 sẹ̀ǹtímítà lọ, gbogbo ọ̀pá náà á rọ́ sínú àpótí tí ọkọ̀ ìkẹ́rù kékeré lè gbé. Àwọn ará Yunifásítì Tokyo gba ọ̀nà yẹn, wọ́n ṣe èyí tó jẹ́ 3.95 MeV, torí òfin ilẹ̀ Japan gbà pé èyí tí kò bá tó 4 MeV lè jáde síta lọ yẹ afárá wò. Wọ́n gbé e lọ sábẹ́ afárá, wọ́n ya kọnkéré, wọ́n rí wáyà irin tí wọ́n fà le sínú rẹ̀, bóyá ó ti já tàbí omi ti jẹ ẹ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára. Third Mainland Bridge ti wà lórí ọ̀sà láti 1990, ó sún mọ́ kìlómítà 12, kọnkéré ni, irin sì ń bẹ nínú rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lè fojú rí. Eko Bridge àti Carter Bridge ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Omùwẹ̀ ń lọ wo ẹsẹ̀ wọn nísàlẹ̀ omi, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n inú kọnkéré, X-ray ló ń rí i. Tí wọ́n bá bi mí pé níbo ni kí Èkó kọ́kọ́ gbé accelerator tó ṣeé gbé kiri lọ, abẹ́ afárá ni màá dárúkọ, kí n tó dárúkọ èbúté.

ÌyáÌbejìSúrùlérè

Ẹ̀gbẹ́ ni mo wà pẹ̀lú yín lórí ti afárá yẹn.

ÀjàníÀpápá

Enjiníà, ẹ ní ẹ ń padà bọ̀ wá sórí modulator.

EnjiníàYábàá

Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ènìyàn máa ń rò pé àìsíná ló ń pa irú ẹ̀rọ yìí nílùú wa. Mo ti fi iṣẹ́ júùlù 10 hàn yín, iná kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Ẹni tó máa mọ̀ ọ́n tọ́jú ló ṣọ̀wọ́n.

Ẹ wo ọ̀pá bàbà yẹn tí mo ní wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Ẹ̀rọ kékeré kan, ion pump, ló ń bá a fa èyí tó bá ń yọ́ wọlé, iná tó sì ń jẹ kéré púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà lórí iná tọ̀sán tòru, kódà ní ọjọ́ Àìkú tí ẹnikẹ́ni ò wá síbi iṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á pa gbogbo nǹkan lọ́jọ́ Ẹtì, á ní òun ń ṣọ́ epo ná. Tó bá pẹ́ tó, gáàsì á ti kún inú ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ tó bá fẹ́ tan án padà, tó bá fi gbogbo agbára sí i lẹ́ẹ̀kan náà, iná á máa fò nínú rẹ̀, á sì ba ojú bàbà tó ń dán jẹ́. Ó yẹ kó rọra máa gbé agbára rẹ̀ sókè ni, kó máa wo ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, tó bá fò kó dín in, kó tún bẹ̀rẹ̀. Bátìrì UPS kan tó ń gbé ion pump nìkan ló lè gba ẹ̀rọ náà là.

Omi tútù tún ńkọ́? Bàbà tó bá gbóná á tóbi, tó bá ti tóbi, ìgbì tó bá inú rẹ̀ mu tẹ́lẹ̀ ò ní bá a mu mọ́, X-ray á dín kù. Ẹ ronú oòrùn Èkó lórí àpótí irin ní ọ̀sán. Ẹ tún fi iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ọ̀sà kún un, tó ń jẹ ojú ibi tí wáyà alágbára ti pàdé ara wọn nínú modulator, àti eruku tó ń rọ̀ mọ́ ibi tí 40,000 fóltì wà. Aṣọ gbígbẹ àti àlẹ̀mọ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ lásìkò ló ń ṣẹ́gun ìyẹn. Kò sí èyí tó le nínú gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń túnṣe jẹnẹrétọ̀ dáadáa lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ra ẹ̀rọ tí wọn ò ra ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọn, tí ìwé ìtọ́jú rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á nìkan, owó yẹn ti wọ omi.

Ohun tó ń fún mi ní ìrètí ni pé irú linac kan náà là ń fi tọ́jú jẹjẹrẹ. Ibùdó NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní Ìdí-Àràbà ní 2019 ń lò ó lójoojúmọ́. Magnetron tàbí klystron (òun náà ń pèsè ìgbì rédíò alágbára), modulator, omi tútù, ion pump, gbogbo rẹ̀ ló jọra. Ọmọ tó bá kọ́ ọ níbẹ̀ lè tọ́jú ti èbúté, ó sì lè tọ́jú ti abẹ́ afárá.

ỌmọAkọkà

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìròyìn kan pé láṣà (laser, ìmọ́lẹ̀ alágbára) lè rọ́pò gbogbo ọ̀pá bàbà yẹn. Wọ́n ní àwọn ará Berkeley ní Amẹ́ríkà fún ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù ní 1 GeV, ìyẹn ẹgbẹ̀rún MeV, láàárín 3.3 sẹ̀ǹtímítà ní 2006, wọ́n sì dé 7.8 GeV láàárín 20 sẹ̀ǹtímítà ní 2019. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé tiwa ò ní di ti àtijọ́ kó tó dé?

EnjiníàYábàá

Òótọ́ ni, iṣẹ́ ńlá sì ni. Tajima àti Dawson ló dá a lábàá ní 1979. Láṣà tó kúrú púpọ̀ á gba inú gáàsì tó ti di plasma (tí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù ti já kúrò lára átọ̀mù rẹ̀), á ti ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbì á dìde lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù tó bá wọnú ìgbì yẹn á sáré tẹ̀ lé e. Ìtì tó wà níbẹ̀ fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ju ti ọ̀pá bàbà lọ. X-ray tó ń ti inú rẹ̀ jáde ń wá láti ojú kékeré tí kò ju máíkrómítà mélòó kan lọ, pulse rẹ̀ sì jẹ́ fẹ́ḿtósẹ́kọ́ńdì (ìdá kan nínú mílíọ̀nù bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá), nítorí náà àwòrán rẹ̀ máa ń mú gan-an, wọ́n ti fi ya egungun àti kòkòrò kéékèèké.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù ti ń sáré ló kéré, àbúrò. Láṣà tó ń tì í gba odindi yàrá, ó ń fẹ́ ilẹ̀ tí kì í mì àti afẹ́fẹ́ tí kì í yí padà. Èyí tó máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tírélà, ọ̀pá bàbà ṣì ni. Kọ́ méjèèjì. Tí o bá fẹ́ fojú rí accelerator nílé, ibùdó CERD tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ agbára ní Ilé-Ifẹ̀ ní accelerator irú tandem tó jẹ́ mílíọ̀nù 1.7 fóltì. Tiyẹn kì í ṣe ti X-ray àyẹ̀wò, wọ́n fi ń mọ èròjà tó wà nínú eruku, omi àti òkúta, ṣùgbọ́n vacuum (àyè tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán) ni vacuum, ohun tí wàá kọ́ níbẹ̀ á wúlò.

ÀjàníÀpápá

Ìbéèrè mi tó kù nìyí, mo ṣèlérí. Àwòrán tí wọ́n ń wò ní àwọ̀. Irin á jẹ́ búlúù, oúnjẹ àti aṣọ á jẹ́ ọsàn. Báwo ni X-ray ṣe mọ ẹja yàtọ̀ sí irin?

EnjiníàYábàá

Pulse náà ni o. Ẹ̀rọ tó ní àwọ̀ máa ń pààrọ̀ agbára: èyí tó kọ́kọ́ tàn lè jẹ́ 6 MeV, èyí tó tẹ̀ lé e 4 MeV, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ tíkantìkejì. Irin kì í dá 6 àti 4 dúró ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú bí ẹja ṣe ń dá wọn dúró. Kọ̀ǹpútà á fi iye tó kọjá nínú èyí wé iye tó kọjá nínú ìyẹn, á mọ̀ bóyá átọ̀mù tó wúwo ni tàbí fífúyẹ́, á sì fi àwọ̀ sí i. Àwọ̀ náà kì í ṣe àwọ̀ gidi ẹrù yín, kọ̀ǹpútà ló yàn án.

ÌyálọjàÌdúmọ̀tà

Ìyẹn ni pé tí ẹnìkan bá tọ́jú ìbọn sínú páálí panla, wọ́n á rí i?

EnjiníàYábàá

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń wo àwòrán kò ní ìkánjú.

ỌmọAkọkà

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti modulator. Mo ti rí máíkrówéèfù tó bàjẹ́ kan ní Computer Village, mo fẹ́ tú u kí n wo magnetron inú rẹ̀.

EnjiníàYábàá

Àbúrò, dúró ná! Má tíì tú u. Kápásítọ̀ inú máíkrówéèfù máa ń di nǹkan bí 2,000 fóltì mú, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ lára iná. Ó ti pa àwọn oníṣẹ́ tó gbọ́n. Mú un wá sí Yábàá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, má ṣí ìdérí rẹ̀. Èmi ni màá tú iná inú rẹ̀ dànù lójú rẹ, lẹ́yìn náà ni a ó jọ gé magnetron náà sí méjì kí o fojú ara rẹ rí àwọn yàrá inú rẹ̀.

ỌmọAkọkà

Mo ń bọ̀, sà. Aago mélòó?

EnjiníàYábàá

Aago mẹ́wàá àárọ̀. Wọ bàtà onírọ́bà.